Bàtà Ẹnu Ìsọ̀

Àtìnì, 3 Nọ̀fẹ́ńbà 1975
Olówó-orí mi dé lónìí, ojú wọn ń dán. Àlhájì Abdulkadir, ọ̀gá wọn tó ń ta táìlì ilẹ̀ ní Táíwò Road, ti gba ìsọ̀ níbi ìpàtẹ ọjà, wọ́n ní kí Olówó-orí mi bá àwọn tò ó. Ìgbà tí wọ́n jẹun tán ni wọ́n tó sọ ìyókù — bí ọjà ò bá yá níbẹ̀, Àlhájì máa kó ṣọ́ọ̀bù lọ Kàdúná, wọ́n á mú Olówó-orí mi dání. Èmi á dúró ti ìyá ọkọ mi. Ìyàwó tí ò tíì pé oṣù mẹ́ta. Mo kó abọ́.

Àlàmísì, 6
Ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ya ìsọ̀ náà sílẹ̀ yàrá wa. Ibí ni táìlì, ọ̀hún ni àga. Wọ́n bi mí pé àwọ̀ wo ló yẹ kó wà níwájú. Ìtìjú ò jẹ́ kí n lanu. Mo nàka sí aláwọ̀ ewé. Wọ́n ní ojú mi mọ nǹkan.
Mi ò gbálẹ̀ yàrá, kí ṣọ́ọ̀kì má baà parẹ́.

Àtàláátà, 11
A tẹ́ táìlì ìsọ̀ tán. Mo rí ojú ara mi nínú ilẹ̀.

Àlàrùba, 12
Èrò bí eéṣú, kò sẹ́ni tó wọlé. Wọ́n á dé ẹnu ìsọ̀, wọ́n á ní máṣàálláhù, wọ́n á kọjá. Ìyá àgbà kan bi mí pé ṣé wọ́n ti kírun tán níbẹ̀. Ràúdátù, àbúrò ọkọ mi tó ń bá wa tajà — Eyínfúnjowó ni mo ń pè é — ní bóyá èmi tí mo dákẹ́ bí àga ló ń lé wọn. Eré ni, àmọ́ ó dùn mí. Olówó-orí mi ò jẹun.

Àlàmísì, 13
Àárọ̀ yìí ni mo rí i. Bí a ṣe dé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ́ bàtà sẹ́nu ìsọ̀, bí a ṣe ń ṣe nílé. Ó tò síbẹ̀ bíi ti ẹnu mọ́ṣáláṣí. Ta ló máa wọ bàtà gorí táìlì? Ta ló sì máa bọ́ tiẹ̀ sáàárín èrò, kí wọ́n gbé e lọ?
Mo sọ fún Olówó-orí mi pé ká jẹ́ kí wọ́n máa wọ bàtà wọlé — mi ò wo ojú wọn. Wọ́n ní á dọ̀tí. Mo ní ṣebí ilẹ̀ ni.
Mo wọ sálúbàtà mi, mo lọ tẹ ẹrẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, mo fi rìn lórí táìlì dé ògiri. Ipa ẹsẹ̀ mi hàn ketekete. Àwọn èèyàn dúró. Mo fi àkísà tútù nù ún, ó dán padà. Ni mo bá gbọ́ ohùn ara mi: “Ẹ wọlé, ẹ má bọ́ bàtà.”
Eyínfúnjowó ní ìyàwó ti lahùn. Àwọn obìnrin ọjà Ipata wọlé, ọ̀kan ní ká da epo sí i kóun rí i. A dà á, a nù ún. Látìgbà náà mi ò ráyè jókòó.

Sátidé, 15
Tíṣà Ọ̀mù-Àrán kan fẹ́ ká tẹ́ tirẹ̀ ṣáájú Kérésì. Àwọn mìíràn ti sanwó sílẹ̀. Àlhájì wá wò wá, wọ́n ti bọ́ bàtà kan kí wọ́n tó rántí — ẹ̀rín pa wá. Wọ́n ní Kàdúná ò sá lọ. Táíwò Road làwọn ṣì wà.

Àtìnì, 24
Àṣẹ́kù táìlì aláwọ̀ ewé ti wà ní yàrá wa, níbi tí ṣọ́ọ̀kì wà tẹ́lẹ̀. Olówó-orí mi tibi iṣẹ́ dé, wọ́n gbẹ́sẹ̀ kan wọlé tòun ti bàtà, wọ́n ní ṣebí ilẹ̀ ni.
Mo dúró síwájú wọn. Mo ní, “Ẹ bọ́ ọ.”
Wọ́n bọ́ ọ.