Rọ́bà Tó Ń Yọ́ Nínú Ara

Bàbá mi ọ̀wọ́n, olóríkunkun mi,

Inú ń bí mi sí yín. Mo mọ̀ pé a kì í bínú sí òkú, pàápàá bàbá ẹni, ṣùgbọ́n ọdún kejì rèé tí mo ti ń pa á mọ́ra, ó sì ti sú mi. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo àṣìṣe inú lẹ́tà yìí, bí ẹ ti máa ń ṣe sí èyí tí mo ń kọ wá láti ilé ìwé.

Ìpá ló pa yín. Ìpá tí wọn ì bá ti ṣiṣẹ́ abẹ rẹ̀ fún yín ní Adó, kí ẹ sì padà sí Ìyìn láàárín ọjọ́ méjì. Ẹ gbọ́ níbì kan pé rọ́bà ni wọ́n fi ń rán ikùn èèyàn, ẹ bá fàáké kọ́rí pé ẹ ò ní gbé rọ́bà lọ bá àwọn baba yín. Bí ẹ bá ń wúkọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó fọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ ikùn, ẹ ó wá ṣe bí ẹni ń tún agbádá ṣe. Ta lẹ rò pé ẹ ń tàn?

Bàbá, kí ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní yunifásítì? Rọ́bà náà ni. Èyí tó ń nà bí iṣan, tó ń di ibi tó ya nínú ara mú títí ẹran tuntun á fi hù sí i, tí á wá máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní ku nǹkan kan. Tiwa kò tíì kúrò nínú ìgò àyẹ̀wò, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òwú tó ń yọ́ nínú ara ti wà nílé ìwòsàn tipẹ́, òun ni wọn ì bá fi rán yín. Ẹ ò ní gbé nǹkan kan lọ bá ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ gbogbo kíláàsì pé abèèrè kì í ṣìnà, ẹ ò bi mí. Onírọ́bà lẹ ń pè mí lójú àwọn ọ̀rẹ́ yín, ẹ ó sì rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí débi pé mo pinnu pé n ò ní ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún yín mọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ì bá gbà. Ibi iṣẹ́ náà ni mo wà, tí mò ń fa rọ́bà wò bóyá á já, nígbà tí ìfun yín lọ́ pọ̀ lóko ọ̀nà Ìgèdè, tí wọ́n fi ọ̀kadà gbé yín, tí ẹ ò sì dé Adó.

Ti ẹ̀gbọ́n mi, àkọ́bí yín, ló mú mi kọ̀wé. Mo bá a lẹ́yìnkùlé ní Sátidé tó kọjá, ó fi ọ̀já di ikùn pinpin. Ìpá náà ni. Ọ̀rọ̀ yín gan-an ló sì ń tún sọ. Yèyé jókòó tì í; lójú tiwọn, ẹ ti pàṣẹ.

Mi ò bẹ̀ ẹ́. Mo tú ọ̀já náà níkùn rẹ̀, àgbà ọkùnrin tó ti bímọ mẹ́ta. Mo kígbe mọ́ ọn títí àwọn ará àdúgbò fi jáde, mo sì tì í sínú mọ́tò. Mo pe àṣẹ yín ní àṣìṣe lójú Yèyé. Bí ẹ bá ń bínú, ẹ máa bínú. Àná ni wọ́n rán an. Ó ti ń mu ẹ̀kọ gbígbóná, ó ń bú mi, ó sì wà láàyè.

Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ló yẹ kí n kọ́kọ́ kígbe mọ́.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ìfẹ́ yín ò jẹ́ kí inú rẹ̀ rọ̀.