Oṣù Tí Gbogbo Wa Fojú Rí

Bàbá mi, Injinía wa,

Lánàá ni a ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ yín. Èrò wá láti Ìwéré-Ilé àti Àgọ́-Àrẹ, gbogbo wọn ń yìn yín pé ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí ohùn redio dé ọ̀dọ̀ àwọn. Mò ń ṣe àmín, inú sì ń bí mi.

Ṣé ẹ rántí redio kékeré tí ẹ máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ bùtà bí ẹ bá ń ṣe àlùwàlá? Ìròyìn kọ́ lẹ ń gbọ́, bí ohùn ṣe ń jáde ni. Bó bá ha pẹ́nrẹ́n, ẹ ó fi oúnjẹ sílẹ̀, ó di orí òkè nídìí ẹ̀rọ àti opó irin tó ń gbé ohùn redio káàkiri. Ìyá mi a máa fi yín ṣẹ̀fẹ̀ pé opó irin yẹn ni ìyálé òun.

Ọjọ́ tí à ń retí oṣù ààwẹ̀, àrá ba ẹ̀rọ jẹ́ láàárọ̀. Ìyá mi wà ní ọsibítù ní Ṣakí, ẹ̀yin ló ń bèèrè. Mo gun òkè wá pè yín. Ẹ ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ẹ ní gbogbo Òkè-Ògùn ń dúró de ìkéde oṣù, pé ẹ ń bọ̀.

Háà, Bàbá! Ìkéde wo? Òjò ti dá, ojú ọ̀run mọ́ gaara. Ìta ọsibítù ni mo wà tí oṣù fi lé. Nọ́ọ̀sì rí i, aláìsàn rí i, àwọn ọmọdé ń hó kiri àdúgbò. Ta ló kù tí ẹ fẹ́ sọ fún? Mo ti padà wọlé, mò ń pa ojú ìyá mi dé lọ́wọ́ ni redio nọ́ọ̀sì tó fọhùn pé oṣù ti lé. Ohùn náà mọ́. Ẹ kú iṣẹ́.

Wọ́n ní kádàrá ni. Kádàrá kọ́! Orí òkè yẹn ló kúkú ga jù nílùú. Ṣé ẹ̀yin ò rí oṣù láti ibẹ̀ ni?

Ẹ gbọ́ èyí lẹ́nu mi. Ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ni àwọn ẹbí fẹ́ gbẹ́ sàréè yín sí. Èmi ni mo gba ọkọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n bú mi, ìmáàmù bẹ̀ mí, mo kọ̀ jálẹ̀. Ẹ̀yìn ilé lẹ wà, lọ́tọ̀. Ìyá mi dúró dè yín títí ẹ̀mí fi bọ́. Ẹ jẹ́ kó sinmi.

Mo fẹ́ràn yín, Bàbá. Ẹ ṣẹ̀ mí.

Èmi ni, àkọ́bí yín.