Àwòrán Bàsílà Tí Wọ́n Ti Rí Yín

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ kì í pẹ́ dáhùn tẹ́lẹ̀,

Ẹ kú ilé ibẹ̀ o. Ẹ má wo ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ẹ mọ̀ pé kíláàsì tí mo dé kò jìnnà, àti pé lọ́jọ́ tí mo bá tiẹ̀ lọ, ohùn dìrẹ́tọ̀ iléèwé ni mo ń kọ́ láti sín jẹ, mi ò kọ́ ohun tó ń kọ sójú pátákó. Ìdí igi kajú yín tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ni mo jókòó sí. Kajú ti ń bọ́ sílẹ̀. Ìyá ní kí n máa ṣa á, mo sì ń ṣa á, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò lè sọ fún ẹlòmíràn.

Mo jowú Ẹ̀gbọ́n Ràímì. Ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀, àbí ẹ kò mọ̀?

Ẹ rántí àwòrán Kútọ̀nú. Ẹ̀gbọ́n gun orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gíga kan níbẹ̀, ó gbé àparéyì tó fi ń ya fótò lé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, ó ń ya ìlú ní ègé-ègé bí ẹni ń gé iṣu sínú ìkòkò. Lẹ́yìn náà ó rán gbogbo ègé náà pọ̀ nínú ọ̀dínátọ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó di fótò kan ṣoṣo. Fótò náà tóbi débi pé bí èèyàn bá fi ìka méjì fà á lójú fóònù pọ́tábù, á kàn máa wọ inú rẹ̀ lọ ni, láti ojú ọ̀run bọ́ sórí òrùlé, láti orí òrùlé dé fèrèsé, láti fèrèsé dé ara aṣọ tí wọ́n sá.

Ẹ̀yin tí ẹ kò dé Kútọ̀nú rí, ẹ wá mọ ibẹ̀ ju awakọ̀ lọ. Ẹ mọ obìnrin tó ń sá aṣọ pupa lájà kẹrin, ẹ tilẹ̀ máa ń kí i. Bí ẹ bá ti oko dé, ẹ ó fi àfọ́kù igbá ha ẹrẹ̀ ara ọkọ́, ẹ ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó wọlé, ẹ ó nu ìka yín mọ́ ara dàńṣíkí, ẹ ó sì ní, "Gbé Kútọ̀nú wá."

Kì í ṣe ìlú lẹ ń wò. Ẹ̀gbọ́n Ràímì lẹ ń wá. "Ibo ló wà nínú rẹ̀?" Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi rẹ̀ mí, pé ẹni tó ya fótò kì í sí nínú fótò. Ẹ ó kàn mi orí, ẹ ó tún wọ fèrèsé mìíràn lọ. Èmi ni mo ń mú pọ́tábù dání fún yín. Èjìká mi ń kan èjìká yín. Ṣé ẹ rí mi?

Ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa lọ, tí ẹ kò lè jókòó mọ́, Kútọ̀nú náà ṣì ni ẹ ń bèèrè. Ìka yín ti gbẹ, pọ́tábù kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Èmi ni mo ń bá yín fà á. Ìka ara mi ni mo fi ń bá yín wá ọmọ mìíràn.

Kí Ẹ̀gbọ́n tó dé, a ti sin yín. Síbẹ̀ òun ni gbogbo èèyàn ń dì mọ́. "Ràímì, Ọlọ́run á tù ọ́ nínú o, ọmọ tó ń ya ìlú!" Èmi tí mo bu omi tí wọ́n fi wẹ̀ yín, ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé kí n lọ so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó aṣọ yín jáde fún sàráà, mo jí akẹtẹ̀ oko yín tí etí rẹ̀ ti ya, àti dàńṣíkí aláwọ̀ ewé tó ti ṣá. Mo kó wọn pamọ́ sẹ́yìn iṣu nínú abà. Ẹ dárí jì mí. Wọ́n ní òórùn yín nígbà náà. Iṣu ni wọ́n ń rùn báyìí.

Ọ̀kan tún wà tí mi ò tíì sọ. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ yín, mo ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, mi ò ronú rárá, mo húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ mọ ọ̀fun mi, kò sí ohun tó gbọ́ tí kò lè sọ. Kí n tó yọ sí àgbàlá, Ìyá ti dìde, ó ti bu omi sínú igbá. "Ẹ kú oko o." Ìgbà tó rí i pé èmi ni, ó dá omi náà padà sínú àmù, ó sì rọra dé e. Kò bú mi. Ì bá kúkú bú mi. Ọjọ́ yẹn ni mo búra pé mi ò ní fi yín ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́ láéláé.

Ìbúra mi nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ló mú mi dà á.

Òjò kan ṣoṣo ló rọ̀ lọ́dún yìí, ó fọ eruku ọyẹ́ kúrò lójú ọ̀run, ni Ẹ̀gbọ́n bá dé pẹ̀lú àwọn irin rẹ̀. Ó ní Bàsílà, ìlú ìtòsí wa, ló kàn, pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta kan wà níbẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́ parí, orí rẹ̀ lòun máa dúró sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ."

"Ìwọ? Ìwọ tí o kì í dúró jẹ́ẹ́? Ẹni tó bá ń rìn níwájú àparéyì, ó lè di èèyàn méjì nínú fótò, á sì ba iṣẹ́ jẹ́. Dúró ti Ìyá, kí o máa ṣa kajú."

Ẹni tó bá ń rìn lè di méjì. Ẹ gbọ́ o, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi.

Mo gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé e. Ní ẹ̀yìn ògiri kan mo wọ dàńṣíkí yín, mo dé akẹtẹ̀ yín. Àparéyì náà kì í yára. Kí ó tó yí dé ibì kan, èmi á ti gun kẹ̀kẹ́ dé ibẹ̀, màá ti ju kẹ̀kẹ́ sápá kan, màá sì ti dúró. Mo dúró nídìí igi ńíìmù tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ sánmà. Mo dúró níbi tí àwọn oní-zẹ́mìjáànù, àwọn ọlọ́kadà wa, ń pé jọ sí. Mo dúró lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, mo tún dúró ní oríta ọ̀nà Mánígìrì, ìlú wa. Ìdúró yín ni mo dúró. Ọwọ́ méjèèjì lọ sẹ́yìn, ọwọ́ ọ̀tún di ìgúnpá òsì mú, orí tẹ̀ sí òsì bí ẹni tí ilẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀. Mi ò tilẹ̀ kọ́ ọ rí. Ara mi mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀.

Ohun tí mo rò ni pé Ẹ̀gbọ́n nìkan ló máa rí i, ní Kútọ̀nú, nígbà tó bá ń rán ègé pọ̀. Mo fẹ́ kí ó fi ìka fà á, kí ó bá yín níbẹ̀ tí ẹ gbójú sókè tí ẹ ń wò ó. Mo fẹ́ kí ẹ bi í léèrè ibi tó wà. Mo fẹ́ kí ẹ̀rù bà á, kí ó sunkún díẹ̀. Ṣé ìwà burúkú nìyẹn?

Kò rí i. Bí ó ṣe rán an pọ̀ tán ló fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Ní ọjọ́ kejì, gbogbo pọ́tábù Mánígìrì ti wọ Bàsílà lọ, oníkálukú ń wá ilé àna rẹ̀. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ yín, Bàbá Lámídì onígbàjámọ̀, ni mo wà, nígbà tí ọkùnrin tó jókòó fún un kígbe, tí ìdajì orí rẹ̀ ṣì ní irun.

"Ẹ wá wo ẹni tó dúró sídìí igi yìí!"

"Ta ni?"

"Ẹ wo ìgúnpá yẹn. Ẹ wo ọrùn yẹn. Ta ló ń dúró báyìí ní gbogbo Mánígìrì?"

Bàbá Lámídì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. "Àkúdàáyà! Ọ̀rẹ́ mi ti di àkúdàáyà!"

"Àkúdàáyà Bàsílà? Ìlú òkèèrè ni wọ́n ń sá lọ. Ta ní í kú ní Mánígìrì kó wá lọ fara pamọ́ sí Bàsílà, níbi tí gbogbo wa ń ná ọjà?"

"Hẹn-ẹn," Bàbá Lámídì fèsì. "Nígbà ayé rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó fẹ́ràn ìrìnàjò?"

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti rí yín níbi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láti Dogué, láti Pénéssoulou, wọ́n ń pe Ẹ̀gbọ́n pé fótò rẹ̀ ń rí òkú. Mo fẹ́ ba ọbẹ̀ rẹ̀ jẹ́, iyọ̀ ni mo lọ fi sí i. Èmi fúnra mi sì wà nínú fótò náà lẹ́ẹ̀mẹrin, Bàbá, ẹnì kan ṣoṣo kò rí mi. Mo ti ń jowú Ẹ̀gbọ́n tipẹ́. Mi ò mọ̀ pé mo ṣì máa jowú ẹ̀yin náà.

Ìyá kò pariwo. Ó gba pọ́tábù, ó fi ìka kàn yín, fótò náà sì sáré kúrò lọ sí apá ibòmíràn. "Dá a padà," ó sọ ọ́ bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dá a padà. Ó gbé e sún mọ́ ojú.

Lọ́jọ́ ọjà Bàsílà, ó gún iyán, ó se ọbẹ̀ oníwàgàsì, wàrà àwọn Fúlàní tí ẹ fẹ́ràn, ó dì wọ́n sínú aṣọ, ó gun zẹ́mìjáànù. Ìrọ̀lẹ́ ló dé. Aṣọ náà ṣì wà ní dídì bí ó ṣe dì í. Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, bákan náà. Mo ní mo ti mọ bí a ṣe ń parọ́, ṣùgbọ́n Bàbá, mi ò lè wo abọ́ yẹn kó tún padà wálé lẹ́ẹ̀kẹta.

Mo tẹ̀lé e. Ìdí igi ńíìmù yẹn ni mo bá a, ó fi ẹ̀yìn ti igi, abọ́ wà lórí itan rẹ̀, ojú rẹ̀ ń tẹ̀lé gbogbo ọkùnrin tó dé akẹtẹ̀. Mo lọ dúró níwájú rẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀tì ara mi, láìdé nǹkan kan sórí. Mo kó ọwọ́ sẹ́yìn. Mo di ìgúnpá òsì mú. Mo tẹ orí.

Ó wò mí pẹ́. Mo rí i nígbà tó yé e. Ó tú aṣọ náà.

"Jókòó. Jẹun."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́…"

"Mo ní jẹun. Ó ti ń tutù."

Ó jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán, títí mo fi lá abọ́. Lẹ́yìn náà ló fún mi ní ìgbátí tí etí òsì mi ṣì ń rántí. Lẹ́yìn náà ó fa orí mi mọ́ra. Àwọn oní-zẹ́mìjáànù ń wò wá. Mo jẹ oúnjẹ yín, Bàbá. Ó dùn.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Ẹ̀gbọ́n dé. Òun náà ti wo fótò náà dáadáa, ó ti rí sílípáàsì tó wà lẹ́sẹ̀ yín, ọ̀kan pupa, ọ̀kan búlúù. Ẹ kò wọ irú ẹ̀ rí. Gbogbo ilé ló mọ ẹni tó ń wọ̀ ọ́.

"Oníyẹ̀yẹ́! Ìṣẹ́jú márùn-ún ni màá fi pa á rẹ́."

Ìyá kò gbójú kúrò lára iṣu tó ń bó. "Ta lo fẹ́ pa rẹ́?"

Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. "Mo ti ya gbogbo ìlú. Mi ò ya Bàbá rí." Òótọ́ ni. Ti káàdì ìdánimọ̀ nìkan la ní, ojú yín kò sì jọ ojú yín níbẹ̀.

Kò pa yín rẹ́. Ẹ ṣì wà ní Bàsílà.

Lánàá, ó pè mí lọ sí ẹ̀yìn abà. Ó ń wo ilẹ̀. Ó ní kí n fi han òun bí ẹ ṣe máa ń dúró. Òun, tó ní àparéyì, tó ní ọ̀dínátọ̀, tí ẹ fi gbogbo ìka yín wá! Inú mi dùn débi pé ó fẹ́ dùn mí. Mo fi hàn án. Òun náà kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó di ìgúnpá mú, ó tẹ orí. Ọ̀tún ló tẹ̀ ẹ́ sí.

"Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Omi wà lójú rẹ̀. Mo wò ó dáadáa.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni."

Òsì ni, Bàbá. Èmi àti ẹ̀yin la mọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó mọ sí àárín àwa méjèèjì.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, èyí tó mú pọ́tábù dání.