Ẹsẹ̀ Kẹrin Kàmíọ̀n Oníkànga

Espérance ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Kútọnu níbẹ̀? Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ, aburú ò ní mọ̀nà ilé rẹ. Àwa tó wà ní Massè ṣáà ń mí. Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi.

Kàmíọ̀n tó ń gbẹ́ kànga, tí a ti ń retí láti ọdún mẹ́ta, dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Iwájú ilé wa gan-an ni wọ́n ní omi wà, ìyá rẹ sì jó. Àfi bí kàmíọ̀n ṣe na ẹsẹ̀ irin mẹ́rin jáde ní ìhà méjèèjì, tó fẹ́ fi wọ́n tẹlẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Mẹ́ta rí ilẹ̀ tẹ̀. Ìkẹrin, ojú oórì ìyá mi ni!

Mo ní kí wọ́n ká ìyẹn sókè, ṣebí ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Arnaud ọ̀gá wọn, ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó ṣàlàyé títí ó fi làágùn, pé irin tó ń gbẹ́lẹ̀ ga ju ọ̀pẹ lọ, tí ẹsẹ̀ kan ò bá sí, gbogbo rẹ̀ á dojú dé, pé àwọn apẹja ibòmíì pàápàá máa ń na igi sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wọn kí ìgbì má baà dà á nù. Mo ní Massè kò ní òkun. Mo ní màá pe Àkàndé ẹlẹ́mu àti ọkùnrin márùn-ún kí wọ́n fi èjìká ti ìhà yẹn, màá fún wọn ní ẹ̀kọ jẹ. Kò rẹ́rìn-ín. Kò sí àyè tí wọ́n lè sún un sí, wọ́n bá ká ẹsẹ̀ wọn, wọ́n gba abúlé Oko-Akarè lọ.

Omi ti ń tú yàà níbẹ̀ báyìí. Ìyá rẹ ti padà sí ọ̀nà odò tòun ti ọrùn tó ń dùn ún, kò bú mi, ó kàn ń gbé oúnjẹ sílẹ̀, á kẹ̀yìn sí mi.

Lánàá mo jókòó ti ojú oórì, mo ní màámi, mo gbà yín lọ́wọ́ ẹsẹ̀ irin. Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé ojú ọ̀nà odò ni àwọn èèyàn ti gbé màámi wá bá wa lọ́jọ́ tí wọ́n kú, garawa omi ni wọ́n rù tí wọ́n fi ṣubú. Ojú tì mí, ọmọ mi, mo sunkún.

Jọ̀ọ́, fi owó ọ̀kadà ránṣẹ́ kí n lọ bẹ Arnaud, kó wá tẹ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síbi tó bá wù ú. Tó bá jẹ́ inú fóònù lo máa fi í sí, díẹ̀díẹ̀ ni kí o máa fi, bátìrì rẹ̀ ò lágbára mọ́, kó má baà wúwo jù fún un.

Ọlọ́run á bù kún ọ. Omi tí ìyá mi rù, tí ìyá rẹ ń rù, ìwọ ò ní rù ú.

Èmi bàbá rẹ,
Ògúntóyè