Ilẹ̀kùn Tuntun fún Ilé Àtijọ́

Bàbá mi, káfíńtà àtàtà, ẹ kú iṣẹ́ o. Koko lara mi le.

Iṣẹ́ mi tí ẹ ní kí n ṣàlàyé rèé: kọ̀ǹpútà àtijọ́, bíi ti ìyá mi, dà bí ilé tí yàrá rẹ̀ ò nílẹ̀kùn. Olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó bá ti ara áàpù kan, ìyẹn ètò kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà, wọlé ti gba gbogbo ilé. Ti tuntun nílẹ̀kùn, ìyẹn ètò ààbò tó ń ya áàpù kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì; òun ni mò ń gbé wá sí ti àtijọ́. Kò bá férémù mu, àmọ́ ẹ̀yin kì í torí ìyẹn wó ilé, ẹ máa ń fá ilẹ̀kùn ni.

Ọ̀gá wa ní kí n pa á tì. Èmi kọ́! Àyè tiẹ̀ gbà mí: àwọn yòókù ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, gbogbo tábìlì ọ́fíìsì ti di tèmi nìkan.

Ẹ bá mi kí ìyá mi. Kí wọ́n má ju kọ̀ǹpútà wọn nù o: ilẹ̀kùn kan padé lára irú tiwọn láàárọ̀ yìí, kò sì há.