Aago Tó Dún tí Labeebah Kò Gbọ́

                                        Ojúlé 9, Òpópónà Àjíbóyè,
                                        Ìkòsì, Kétu,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        19 Oṣù Kẹfà, 2025.

Ẹ̀bùnọlá, ọ̀rẹ́ tó di ọmọ ìyá,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Ìjẹ̀bú-Òde? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ náà ńkọ́, ṣé ilé-ìwé tuntun yẹn ti mọ́ wọn lára? Bí o bá bèèrè tèmi, ara mi le, iṣẹ́ sì ń lọ, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Mo ti jókòó láti kọ lẹ́tà yìí lọ́pọ̀ ìgbà, mo tún ń dìde. Jẹ́ kí n kúkú sọ bó ṣe jẹ́ fún ẹ.

O mọ̀ pé iṣẹ́ aago iná tí mò ń bá Ọ̀gá Akínkúnmi ṣe náà ni mo ṣì wà lẹ́nu ẹ̀. Ilé ìtajà, ilé-ìwé, ilé ìwòsàn, ibi tí èrò bá ti ń wọ̀ la máa ń lọ. A ó nu eruku kúrò lára àwọn ojú kékeré òkè àjà tó ń gbóòórùn èéfín, a ó yẹ bátìrì wò, a ó sì jẹ́ kí aago ké, ká lè mọ̀ pé lọ́jọ́ tí iná bá sọ lóòótọ́, kò ní yadi.

Ilé ìtajà alájà mẹ́ta kan wà lọ́nà Ìkòsì níbí tí mò ń tọ́jú aago rẹ̀. Daddy Ọláńrewájú, ọmọ onílẹ̀ àdúgbò wa, ló ni ín. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ dán aago náà wò, ó ké bí ẹni tí wọ́n ń lù. Gbogbo èèyàn fọwọ́ di etí, wọ́n ń ṣépè fún mi. Mo gòkè lọ láti mọ̀ bóyá ó ń dún dé ibẹ̀, ni mo bá rí ọmọbìnrin kan nínú yàrá ìpẹ̀kun, ó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ó ń ránṣọ lọ. Mo pè é, kò dáhùn. Ìgbà tí mo fọwọ́ kàn án léjìká ló tó fò sókè. Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kan etí rẹ̀, ó sì mi orí. Labeebah lorúkọ ẹ̀. Adití ni.

Ọ̀rẹ́ mi, àtọjọ́ yẹn ni ara mi ò ti lélẹ̀. Mo lọ bẹ Daddy pé kí wọ́n jẹ́ ká so iná kan mọ́ aago nínú yàrá ọmọ náà, tó jẹ́ pé bí aago bá ti ń ké, iná á máa kọ yẹ̀rì lójú ẹ̀. Daddy rẹ́rìn-ín. "Dárasími, èrò kún ilé yẹn. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ṣé wọn ò ní pè é ni?" Ọ̀gá Akínkúnmi náà ní iṣẹ́ tí wọ́n pè wá sí ni ká gbájú mọ́. Mo bá ń ti ṣọ́ọ̀bù bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù lókè níbẹ̀, mò ń bẹ̀ wọ́n pé bí aago bá ké, kí wọ́n fọwọ́ kan Labeebah kí wọ́n tó sá. Gbogbo wọn ló ní kò sí wàhálà. Jessica tó ń rán wíìgì ní yàrá tó kọjú sí tiẹ̀ náà gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì kì í kíra wọn, nítorí àkísà aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń gbé wọ ṣọ́ọ̀bù Jessica. Àṣé ẹrù tí gbogbo èèyàn bá ní àwọn á gbé, ilẹ̀ ló máa wà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lóṣù tó kọjá, mo wà lórí àkàbà ní ilé-ìwé kan ní Anthony nígbà tí fóònù mi dún. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì ilé ìtajà Daddy ni. "Aunty, iná o! Bátìrì ló bẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe!" Mo ní, "Labeebah ńkọ́?" Ó ti gé e. Mi ò mọ bí mo ṣe dé Kétu.

Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé aago ké bí èéfín ṣe bẹ̀rẹ̀, kíá ni gbogbo ilé tú síta. Olúkúlùkù rò pé ẹlòmíì ti pe Labeebah. Jessica ló ń wo ojú àwọn èèyàn ní títì. Ó ní, "Labeebah dà? Ta ló pè é?" Jessica da omi inú ọ̀rá sórí ìborùn ẹ̀, ó fi dí imú, ó padà wọlé. Wọ́n dì í láṣọ mú, aṣọ ya mọ́ wọn lọ́wọ́. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ fèrèsé ló ti bá Labeebah, èéfín ti dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọ́ ọ gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí mo débẹ̀, àwọn panápaná ti borí iná. Labeebah nà gbalaja sórí páálí, Jessica ń wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kò fi ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Àwọn èèyàn ń bọ̀ mí lọ́wọ́ pé, "Aunty, aago yín mà gbà wá là o!" Mi ò lè gbójú sókè. Aago tí mo tọ́jú dún, kò yẹ̀, ohun tó sì ń dùn mí gan-an nìyẹn. Daddy jókòó sórí òkúta lẹ́bàá gọ́tà láìdé fìlà. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sọ ni pé, "Mo ní wọn á pè é."

A dúpẹ́, Labeebah ti kúrò nílé ìwòsàn, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Daddy fúnra wọn ló pè mí wá so iná tó ń kọ yẹ̀rì yẹn mọ́ yàrá ẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀, àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ dán an wò, a ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo dúró lókè, mò ń wò. Aago ké, iná kọ yẹ̀rì, Labeebah sọ aṣọ ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Mo rò pé àtẹ̀gùn ló máa dorí kọ. Rárá o, ṣọ́ọ̀bù Jessica ló yà sí. Jessica ti fi íyàpíìsì dí etí méjèèjì, ó ń mi orí sí orin, kò gbọ́ nǹkan kan! Labeebah fà á yọ, ó dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀. Mo fara ti ògiri, mo sunkún bí ọmọdé.

O lè ní kí ló tún kù tí ń dà mí láàmú. Ẹ̀bùnọlá, bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ibi gbogbo tí mo bá wọ̀ báyìí ni mo ti ń bèèrè pé, "Ta ni kì í gbọ́ràn dáadáa níbí?" Ọ̀gá mi ní mo ti ń ṣe é jù. Lánàá, mo bèèrè ní ọ́fíìsì ńlá kan ní Ṣángíṣà, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mò ń kó irinṣẹ́ mi, obìnrin akọ̀wé kan tẹ̀ lé mi dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ó wo ẹ̀yìn, ó ní, "Èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn." Mo padà lọ sọ fún àwọn aláṣẹ ibẹ̀ pé gbogbo yàrá ilé náà ló nílò iná tó ń kọ yẹ̀rì, mi ò dárúkọ ẹnì kankan. Wọ́n ní àwọn ṣì ń rò ó. Mò ń padà lọ lọ́la.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o sì fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Kọ̀wé sí mi, má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò lè jókòó sójú kan,

Dárasími.