Ìyá Evelyn Àṣàkẹ́ Olúsànyà (1897–1969), Alágbàwí Àwọn Àlejò Ìlú Ìbàdàn

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1897 ni a bí Ìyá wa, Evelyn Àṣàkẹ́, ní agbo-ilé Èjìdé, Pópó Yemọja, nílùú Ìbàdàn. Japheth Èjìdé, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ di onígbàgbọ́ nínú agbo-ilé náà, ni bàbá wọn. Ṣẹ́gilọlá, ọmọ Bẹ́yẹrúnkà, ni ìyá wọn. Àwọn àgbà ilé sọ pé láti kékeré ni Ìyá wa kì í ti í fẹ́ kí a rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ níṣojú wọn.

Wọ́n kàwé yọrí ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Àńgílíkà. Ní ọdún 1919, wọ́n fẹ́ bàbá wa, Hezekiah Olúsànyà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ lẹ́tà fún àwọn tí kò mọ̀wé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, tọkọtaya náà kọjá sí Kùmásí, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gáná lónìí. Ọdún méjìdínlógún ni wọ́n lò níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí gbogbo wa sí. Ìyá wa máa ń sọ pé Kùmásí ni àwọn ti mọ bí ó ti ń rí kí ènìyàn gbọ́ èdè ìlú, kí ó jẹ oúnjẹ ìlú, kí wọ́n sì tún máa bi í pé ìgbà wo ni yóò padà sílé.

Ní 1938 a padà sí Ìbàdàn. Bàbá wa gbé tàìpù wọn kalẹ̀ ní Bẹ̀rẹ̀, nísàlẹ̀ òkè Mápó. Nígbà tí wọ́n kú ní 1949, kò ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ tí Ìyá wa fi lọ jókòó sórí àga ọkọ wọn. Àwọn ọkùnrin akọ̀wé tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Sàláúdéènì télọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nítòsí, ló dá wọn lóhùn: "Ẹ jẹ́ kí Ìyá ṣiṣẹ́ wọn, àbí ẹ̀rù ń bà yín ni?" Kò pẹ́ tí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín fi ń kó lẹ́tà tó bá le fún wọn wá kí Ìyá wa bá wọn tún un ṣe.

Ọdún yẹn náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Yésúfù, tó ń tajà ní Gbági, wá bá Ìyá wa pé kí wọ́n bá òun kọ lẹ́tà. Kòráà ni gbogbo ìlú ń pè é, bí a ti ń pe àwọn oníṣòwò Lẹ́bánónì àti Síríà. Ṣùgbọ́n Yésúfù kò gbà. Á ní, "Ará Palẹstínì ni mí, ọmọ Háífà." Ogun ló lé wọn nílé ní 1948. Ìyá rẹ̀ wà lábẹ́ àgọ́ ní Lẹ́bánónì, kò sì mọ ibi tí àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì wà. Ìyá wa bá a kọ lẹ́tà káàkiri fún oṣù mẹ́rìnlá. Lọ́jọ́ tí èsì dé pé àwọn méjèèjì wà láàyè, Ìyá wa jó láti Bẹ̀rẹ̀ dé Ọjà'ba, Yésúfù ń tẹ̀ lé wọn, ó ń sunkún, ó sì ń jó.

Ní 1956, ìwé dé láti ọ́fíìsì ìjọba kan pé kí Yésúfù kúrò nílùú láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, nítorí pé ìwé ìrìnnà ọwọ́ rẹ̀ kò wúlò mọ́. Ìyá wa tẹ ìwé ẹ̀bẹ̀. Sàláúdéènì gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí, Ìyá wa gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn Haúsá Sábó tẹ̀ka sí i, àwọn bíríkìlà ará Dàhòmì náà tẹ̀ka. Orúkọ irinwó ó lé méjìlá ni wọ́n kó dé iwájú ọ̀gá ọ́fíìsì náà.

Ọ̀gá ní, "Ìyá, kí ó padà sí orílẹ̀-èdè rẹ̀ ni mo wí."

Ìyá wa ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe ọ̀nà ibẹ̀ fún un. Ọdún mẹ́jọ ló ti ń wá a."

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí ṣí ìwé ẹ̀bẹ̀ náà. "Ta ni gbogbo àwọn wọ̀nyí?"

"Ọmọ Ìbàdàn ni àwọn kan, àlejò ni àwọn kan. Bí ẹ bá lè fi ìka ọwọ́ wọn mọ èyí tó jẹ́ àlejò, ẹ lé e."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí Yésúfù máa gbélùú.

Láti ibẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Onílé-àti-Àlejò ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá wa ni alága, Yésúfù ni akọ̀wé. Ní 1961, nígbà tí onílé kan ní Òkè-Àdó fẹ́ ju ẹrù àwọn bíríkìlà ará Dàhòmì síta, tí ó ní kí wọ́n máa lọ sílùú wọn, Yésúfù gbé àga lọ síwájú ilé náà, ó jókòó tì wọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta. Onílé rọ̀.

Ogun tún dé bá àwọn ará Palẹstínì ní oṣù Kẹfà ọdún 1967. Ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí kó aṣọ àti bùláńkẹ́ẹ̀tì jọ fún àwọn tó wà lábẹ́ àgọ́. Àwọn bíríkìlà ọjọ́sí ló kọ́kọ́ mú tiwọn wá. Inú àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì kò dùn, wọ́n ní kí Ìyá wa má dá sí ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Mímọ́. Èyí dun Ìyá wa, nítorí ogójì ọdún ó lé ni wọ́n ti fi kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ, ní Kùmásí àti níbí. Síbẹ̀ Ìyá wa dìde nínú ìpàdé ìjọ, wọ́n ní, "Èmi ò bá orílẹ̀-èdè kankan jà. Ẹni tí wọ́n lé nílé ni mò ń wá aṣọ fún." Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́tàdínlógún ni a bá lẹ́nu ọ̀nà wa.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún tó kọjá, 1969, ìjọba Gáná fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n kúrò. Clara, ọ̀kan nínú àwa ọmọ, tó ti padà lọ gbé ní Gáná, dé pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ mìíràn tẹ̀ lé wọn. Yésúfù kó ọjà rẹ̀ kúrò ní sítọ́ọ̀ ní Gbági kí wọ́n lè ríbi sùn, Sàláúdéènì rán aṣọ ìkélé tí wọ́n fi pín in sí yàrá-yàrá. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó síbẹ̀, ó ń sunkún. Yésúfù bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Èmi náà ò mú nǹkan kan dé Ìbàdàn. Ẹ wá wo bí mo ṣe sanra!" Bàbá náà rẹ́rìn-ín tòun tomijé.

Ìyá wa rí ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ mọ́kànlá nínú àwọn tó dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kejìlá, lẹ́yìn tí wọ́n jẹ kẹ́ńkẹ́, oúnjẹ àgbàdo àwọn ará Gáná, tí Clara sè, tí wọ́n sì ní iyọ̀ rẹ̀ kéré, wọ́n fẹ̀yìn ti àga, wọ́n sì lọ ní ìrọ̀rùn. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni wọ́n.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sáyé: Olúdayọ̀, Clara àti Adéyẹ́misí, ọmọ-ọmọ mẹ́rìnlá, ọmọ-ọmọ-ọmọ méjì, pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí a kò lè kà tán.

Àṣẹ kan ni Ìyá wa fi sílẹ̀ nípa òní, ọjọ́ ìsìnkú wọn: àlejò ni kí ó kọ́kọ́ jẹun. Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Oúnjẹ á kárí.

Ẹ sùn re o, Àṣàkẹ́ ọmọ Èjìdé. Kí Olúwa fi ọ̀yàyà gbà yín sílé.